Ilé Là Á Wò, Kì Í Ṣe Orúkọ Ilé

"Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ohun tó wà nínú ilé làwọn àgbà ní ká wò, wọn ò ní ká wo orúkọ tí a kọ sára ògiri. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń ṣìnà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ètò wọn mọ irú ẹ̀rọ tí òun ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n á bi ẹ̀rọ náà bóyá Windows ni tàbí Linux, wọ́n á sì gba ìdáhùn náà gbọ́. Orúkọ sì ń tanni. Nínú èdè Python, sys.platform, tó ń sọ orúkọ ẹ̀rọ, á ní "win32" lórí Windows, kódà bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti bíìtì 64. Lórí Android, "linux" ló ń sọ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí Python 3.13 jáde ní 2024 ló wá di "android".

Ká ní ẹnìkan ń kọ ètò fún àwọn tó ń ta ìlù ní Adjarra lẹ́bàá Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà lọ́rọọrún. Ó fi "gángan" sọ fáìlì kan lórúkọ. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "á" yẹn bí ẹyọ kan, ó sì lè pín in sí méjì, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Windows àti Linux sábà máa ń pa á mọ́ bí a ti kọ ọ́. HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì Mac àtijọ́, a máa pín in. Bí ètò wa bá wá ń fi orúkọ tí a kọ wé èyí tí ẹ̀rọ tọ́jú, yóò ní fáìlì kò sí. Ṣé ká wá kọ ọ́ pé "bó bá jẹ́ Mac, pín in"? Rárá o. Láti 2017 ni Apple ti ń lo APFS, èyí tí kì í pín in. Orúkọ Mac kan náà, ìwà méjì. Ohun tó tọ́ ni ká sọ orúkọ méjèèjì di irú kan náà ká tó fi wọ́n wéra, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́.

Ẹnìkan lè ní: nínú èdè C ńkọ́, níbi tí kóòdù tó wà fún Windows nìkan kò ti lè di ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux rárá? Òótọ́ ni, ibẹ̀ kò ṣeé ṣe láìbèèrè orúkọ. Síbẹ̀, orúkọ __linux__ wà lórí Android pẹ̀lú, nítorí náà __ANDROID__ ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Àjàṣẹ́ àti Dangbo, ẹ kó ìbéèrè orúkọ jọ sójú kan nínú kóòdù yín, kẹ́ ẹ sì dán ètò náà wò lórí irú fóònù tí ọlọ́jà ń lò kẹ́ ẹ tó fi lé e lọ́wọ́.