Igbó Olókun: Ohun Tí Ọwọ́ Ifẹ̀ Ṣe



Mo máa ń gbọ́ ọ kí àwọn kan nínú wa máa wí pé ẹni tí ó bá ní oko tirẹ̀, ilé tirẹ̀ àti ikin tirẹ̀ kò jẹ ìlú ní gbèsè kankan mọ́. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo Igbó Olókun.

Ìhà àríwá Ilé-Ifẹ̀ ni igbó yìí wà, ojúbọ Olókun, òrìṣà ọrọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó ní ti àwọn ará Atlantis ni, ìlú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì. Lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́ títí, àwọn onímọ̀ kan ṣì gbà pé láti òkè òkun ni gíláàsì ti wá, pé yíyọ́ nìkan ni àwọn baba wa mọ̀ ọ́n yọ́.

Ní 2011 àti 2012, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí lé ní 12,000. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì lé ní 800. Iṣẹ́ ọ̀rúndún 11 sí 15 ni. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò bá ti òkè òkun mu: Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe gíláàsì rẹ̀.

Ìlú tí ó tó bẹ́ẹ̀ ti dá dúró. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ni ó dá nìkan ṣe é? Ẹnìkan ní láti ṣẹ́ igi, ẹnìkan ní láti mọ ìkòkò, ẹnìkan ní láti ṣọ́ iná. Ohun tí wọ́n ṣe kò sì dúró sí Ifẹ̀: irú gíláàsì yìí ni a rí ní Gao, ní ilẹ̀ Mali.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti awo. Òótọ́ ni pé ikin rẹ jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ olúwo àti ojùgbọ̀nà ni o ti gbà á. Kò sí ẹni tí ń tẹ ara rẹ̀ nífá. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lónìí, ilé ti bo apá púpọ̀ nínú Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀-wá-ìlẹ̀kẹ̀ sì ti ba ibòmíràn jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín: bí ẹ bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbègbè náà, tí ẹ rí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àfọ́kù tí gíláàsì lẹ̀ mọ́, ẹ dá ọkọ́ dúró. Ẹ fi tó àwọn tí ń tọ́jú ojúbọ létí, kí ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù tí ó wà ní Ẹnuwá. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnìkan; ohun tí àwọn baba wa fi sínú rẹ̀, ti gbogbo wa ni.