Owó-Oṣù àti Ìwòsàn: Ìtàn Ètò Ìlera Òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn ètò ìlera òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, a ó rí i pé owó-oṣù ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ìwòsàn. Òfin ọdún 1941 fi owó gbà-má-bínú lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 1999 gbé ètò adójútòfò ìlera kalẹ̀. Ọdún 2005 ni ó bẹ̀rẹ̀ láàrin òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́, aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni òṣìṣẹ́ ń san. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí àìsàn ọmọ kò sọ ọ́ di onígbèsè.

Ní òpópónà Baga ní Maiduguri, tí a mọ̀ mọ́ òwò ẹja Adágún Chad, alárù kò ní ọ̀gá tí yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, owó kò wọlé, owó oògùn sì ń jáde. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Alárù gan-an ni ó yẹ kí òfin yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí kò ní ọrọ̀ mìíràn ju ìlera rẹ̀ lọ.