Bologna ní Itálì: ohun tí a ó wò, ohun tí a ó jẹ

Bologna wà ní àríwá Itálì. Yunifásítì rẹ̀ ni wọ́n kà sí èyí tó pẹ́ jù ní Yúróòpù. 1088 ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀. Òjò kì í pa àlejò níbẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé wà létí títì káàkiri, gbogbo rẹ̀ ju kìlómítà 60 lọ.

Ilé gogoro méjì ló wà láàárín ìlú. Asinelli ga tó mítà 97, àtẹ̀gùn rẹ̀ 498. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹni tó bá gùn ún kò ní gba dípúlọ́mà (àwọn náà ní èèwọ̀ tiwọn!). Garisenda ló kéré, mítà 48, ó sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tipẹ́. Ní oṣù kẹwàá 2023 wọ́n ti méjèèjì pa, wọ́n ṣọgbà yí Garisenda ká, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ wó. Ẹ dúró lókèèrè wò ó.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má wá "spaghetti bolognaise" níbẹ̀ o. Tagliatelle ni wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ wọn, ragù. Ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó wà nínú mortadella àti tortellini náà. Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ kó yáa béèrè. Bí ẹ bá rí "coperto" nínú ìwé owó, owó ìjókòó ni, orí kọ̀ọ̀kan ló ń san án. Kọfí tí ẹ dúró mu sábà máa ń dínwó ju èyí tí ẹ jókòó mu. Euro kan sì rèé, sẹ́fà 655 ni.