Ìwọ̀n Ojú Tirapísíọ́ọ̀mù: Ohun Tí Ìtàn Rẹ̀ Kọ́ Olùkọ́ Ìṣirò

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Olùkọ́ ni àgbà inú kíláàsì. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìṣirò ṣe, ó yẹ kí olùkọ́ wo ẹ̀yìn, kí ó mọ ibi tí òfin ìṣirò náà ti ṣẹ̀ wá.

Tirapísíọ́ọ̀mù ni àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì kò lè pàdé láé, bí ó ti wù kí a fà wọ́n gùn tó. Láti mọ ìwọ̀n ojú rẹ̀, a ó ro ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yìí pọ̀, a ó mú ìdajì, a ó sì fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa há òfin yìí sórí, síbẹ̀ wọn a tún máa fi ẹ̀gbẹ́ tí ó fì rọ́pò gíga. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé àṣìṣe náà ti wà láti ayébáyé.

Ilẹ̀ Íjíbítì

Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ pé bí odò Náílì bá gbá lára ilẹ̀ àgbẹ̀ lọ, ọba a rán àwọn awọnlẹ̀ láti mọ iye tí ó lọ, kí owó orí ilẹ̀ náà lè dín kù. Ọ̀rọ̀ jíjẹ mímu ni ìwọ̀n ilẹ̀ jẹ́ fún wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmes da ìwé ìṣirò kan kọ láti inú èyí tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀. Alexander Henry Rhind ra ìwé náà ní 1858. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ìbéèrè 52 inú rẹ̀ dá lórí ilẹ̀ onígun mẹ́ta tí a gé orí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ jẹ́ 6, ojú ibi tí a gé jẹ́ 4, ìlà kẹta sì jẹ́ 20. Ahmes ro 6 àti 4 pọ̀, ó mú ìdajì, ó fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí 100.

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn bóyá gíga ni 20 yìí tàbí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó fì, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì bá a dọ́gba, ìwọ̀n gan-an yóò jẹ́ nǹkan bí 99.9. Ilẹ̀ tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe náà hàn gbangba ní Edfu. Lára ògiri tẹ́ńpìlì Horus, tí wọ́n kọ́ láàrin ọdún 237 sí 57 ṣáájú ìbí Kristi, ni àkọsílẹ̀ àwọn ilẹ̀ tẹ́ńpìlì wà. Òfin tí wọ́n lò ni pé kí a mú ìdajì àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó dojú kọra, kí a fi ìdajì àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sọ ọ́ di púpọ̀. Kò sí gíga nínú rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lára tirapísíọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kì í pàdé jẹ́ 16 àti 4, tí èyí tí ó fì sì jẹ́ 10 àti 10. Òfin Edfu yóò fún wa ní 100. Ṣùgbọ́n 8 ni gíga rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 80. Ẹni tí a bá fi irú òfin yìí bu owó orí fún yóò sanwó lórí ilẹ̀ tí kò sí níbì kankan.

Ilẹ̀ Íńdíà

Ní ilẹ̀ Íńdíà, a rí àwọn tí ó ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìfojúdá. Ní 499, Aryabhata fi gíga sínú òfin tirẹ̀ fún tirapísíọ́ọ̀mù. Ní 628, Brahmagupta pe òfin tí ó bá ti Edfu mu ní ìṣirò ojú lásán, ó sì fún wa ní èyí tí ó péye fún onígun mẹ́rin tí orí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan òbìrí kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tiwa. Ìdajì àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 20. Bí a bá yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 20, yóò ku 4, 16, 10 àti 10. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí 6400, èyí tí í ṣe 80 lọ́nà 80. Ìdáhùn náà bá ti gíga mu rẹ́gí.

Àgbálọgbábọ̀

Bí àwọn akọ̀wé tẹ́ńpìlì bá lè gbàgbé gíga, kò yẹ kí a pe akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní olórí kunkun. Kí olùkọ́ gé páálí tirapísíọ́ọ̀mù méjì tí ó bára mu, kí ó dorí ọ̀kan kodò, kí ó sì so wọ́n pọ̀. Ìdí àwòrán tuntun náà yóò jẹ́ 16 àti 4, ìyẹn 20. Gíga rẹ̀ kò ní kúrò ní 8. Ìwọ̀n méjèèjì jẹ́ 160. Ọ̀kan jẹ́ 80. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí tí a fi ń mú ìdajì, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a fi ohunkóhun rọ́pò gíga.