Ọwọ́ Mẹ́ta tí ń Gbé Dùùrù: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí ọ̀rọ̀ dùùrù títẹ̀ ti rí gan-an nìyí. Dùùrù tí à ń wí níhìn-ín ni píánò, kì í ṣe dùùrù aláfẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ń sọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ di ẹni tí ìran ń rántí: ọwọ́ tí ó pèsè dùùrù, ọwọ́ tí ó gbé atẹdùùrù ró, àti ọwọ́ tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ní òkè òkun, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpẹẹrẹ kan ni Steinway & Sons, tí Heinrich Steinweg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn ọmọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1853. Èyí tí ó tóbi jù nínú dùùrù wọn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 274, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílógíráàmù 480. Ní 1866, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn orin sí New York. Ní 1872, wọ́n náwó sí ìrìn-àjò Anton Rubinstein, gbajúgbajà atẹdùùrù láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó ṣeré nígbà 215 káàkiri Amẹ́ríkà kí ó tó padà sílé ní 1873. Ní 2010, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀. Èyí kì í ṣe àánú lásán. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn dídùn láti ọwọ́ Rubinstein, irú dùùrù tí ó tẹ̀ ni yóò fẹ́ rà. Òwò ni ó ń bọ́ iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ ọnà náà sì ń bọ́ òwò.

Ní Èkó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ìjọ Kristẹni àti ilé-ìwé wọn ni ó kọ́kọ́ gbé olórin ró. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Robert Coker kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Jámánì, ó padà wá sí Èkó, òkìkí rẹ̀ sì kàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mozart pọ́n ọn lé. Lónìí, orúkọ náà wà, ṣùgbọ́n ohùn ti lọ. Ẹ wá fi èyí wé ti Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930). Ní 1922, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin rẹ̀ tí ó lé ní 40 sílẹ̀, pẹ̀lú dùùrù lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ti kú tipẹ́, síbẹ̀ etí alààyè ṣì ń gbọ́ ọ.

Èbúté ni ọwọ́ tí ń gba dùùrù wọlé, nítorí pé ojú omi ni ọ̀nà ẹrù tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ní 1926 ni ibùdókọ̀ ojú omi mẹ́rin àkọ́kọ́ parí ní Àpápá. Bí èbúté ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ń tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀. Kì í ṣe ajé nìkan ni ó gúnlẹ̀ sí agbègbè yìí. Zonophone, tí ó gba ohùn Ransome-Kuti sílẹ̀, wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Gramophone, èyí tí ó para pọ̀ mọ́ Columbia ní 1931 láti di EMI. EMI náà ni ó wá ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Wharf Road, ní Àpápá, tí ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Paul McCartney, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1973 láti gba púpọ̀ nínú orin àwo Band on the Run sílẹ̀. EMI ni ó tún gbé díẹ̀ nínú àwọn àwo Fẹlá, ọmọ-ọmọ Ransome-Kuti, jáde ní àkókò náà.

Bẹ́ẹ̀ ni èbúté àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ ṣe wà ní ìlú kan náà. Kí ni ó wá dí orin dùùrù lọ́wọ́? Ọjà ni. Jùjú, àpàlà, háílááìfù àti orin Fẹlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Oníṣòwò kò sì ní fi ohun tí ó ń tà sílẹ̀ kí ó lọ gbé ohun tí kò tà.

Kì í ṣe pé olórin kò sí. Ọdún kan náà, 1935, ni a bí Akin Euba àti Ayọ̀ Bánkọ́lé. Bánkọ́lé kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Cambridge, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Ikú òjijì mú un lọ ní 1976, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 41. Euba, ẹni tí ó kú ní 2020, kọ́ni pé dùùrù lè di ti Áfíríkà. Òye rẹ̀ jinlẹ̀, nítorí pé òòlù kéékèèké ni ó ń lu okùn inú dùùrù, bí ọ̀pá ti ń lu awọ ìlù. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè dùndún lè mú kí dùùrù fọhùn bí ìlù.

Àmọ́ orin tí ó wà lórí ìwé nìkan dà bí ọbẹ̀ tí a ka èlò rẹ̀ tí a kò sè. Òkè òkun ni a ti se púpọ̀ nínú rẹ̀. William Chapman Nyaho, tí ó tan mọ́ Gánà, gbé àwo Senku jáde ní 2003. Rebeca Omordia, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé African Pianism jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, iṣẹ́ Bánkọ́lé sì wà nínú rẹ̀. Ó gba ọdún 46 lẹ́yìn ikú Bánkọ́lé kí àwo yìí tó dé. Nílé, ẹgbẹ́ MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ti ní gbọ̀ngàn àti ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkàn. Iṣẹ́ ribiribi ni èyí, ọwọ́ kejì sì ni.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé àìsí ẹ̀bùn kọ́ ni ó pa ohùn Coker rẹ́. Ẹ̀bùn wà, èbúté wà, ẹ̀rọ náà sì wá dé. Ìṣọ̀kan láàárín wọn ni kò sí. Ọmọ tí ó ń fi ìka kọ́ dùùrù ní Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti ń já dùùrù sílẹ̀ ní Àpápá. Bí àwọn tí ń ta dùùrù, àwọn tí ń kọ́ni àti àwọn tí ń gba ohùn sílẹ̀ bá fi orí korí, kò ní dìgbà tí ọmọ náà bá kú kí òkè òkun tó gbọ́ orin rẹ̀ fún wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.