Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Yà?

Nítorí àwọn àlejò FESTAC 77 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac Town tí à ń gbé. Ní 1976, Ààrẹ Senghor ní Senegal kò ní wá bí àwọn ará Àríwá Áfíríkà bá máa bá wọn jókòó níbi àpérò. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ kò gbà. Àwọn onímọ̀ game theory a máa fi irú èyí wé awakọ̀ méjì tó dojú kọ ara wọn: ta ni yóò kọ́kọ́ yà? Kọ̀ǹpútà òde òní lè ta irú ayò yìí lẹ́gbẹ̀rún ìgbà.

Lójú tèmi, ìhalẹ̀ Senghor kò múná. Dakar ló kọ́kọ́ gbàlejò àjọ̀dún náà ní 1966. Ọmọ tó bí ni yóò kọ̀. Nàìjíríà sì ti kọ́lé, ó ti náwó; kò ríbi yà sí. Senegal wá ní 1977. Àwọn ará Àríwá náà wá.