Rebecca àti Granada: Ìfẹ́ àti Ẹ̀tanú Ẹ̀sìn nínú Ivanhoe
Ní òpin ọdún 1819 ni Walter Scott tẹ ìtàn-àròsọ Ivanhoe jáde. Nǹkan bí ọdún 1194, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ìtàn náà kà. Ọrùn àwọn ológun ẹ̀sìn Templar, tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Rebecca, ọmọbìnrin Júù, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń gbé ẹ̀tanú inú rẹ̀ kọ́. Lójú tèmi, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ivanhoe ni ó ti hàn jù. Rebecca ń tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, ojú ọkùnrin náà sì ń rọ̀ sí i. Bí ó ti gbọ́ pé Júù ni, ó yí padà: ó di ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún un láìsí ọ̀yàyà. Kò bú u rárá. Ẹni rere inú ìtàn sì ni!

Rowena ni Ivanhoe gbé níyàwó. Ní 1830, Scott dá àwọn tí inú wọn kò dùn sí i lóhùn pé ẹ̀tanú ayé ìgbà náà kò lè fàyè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ní York, ọdún 1190, nǹkan bí 150 Júù ni ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ó ní kí Rebecca àti baba rẹ̀ lọ sá di Boabdil, ọba Granada. Ọ̀rúndún 15 ni Boabdil jọba. Ní 1194, abẹ́ àwọn Almohad ni Granada wà, àwọn tí wọ́n ti fipá mú Júù yí ẹ̀sìn padà, tí ìdílé Maimonides fi sá kúrò ní Córdoba. Scott ka òfin ìtàn sí nígbà tí ó ń du Rebecca ní ọkọ. Kò kà á sí mọ́ nígbà tí ó ń wá ibi tí yóò fi í sí.